Kọ́ńpáàsì ilé kò ní bá ọ ṣiṣẹ́ ní Svalbard

Àbúrò, o ní o ti rí ààyè wọ UNIS, ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Longyearbyen, ìlú kan ní erékùṣù Svalbard ti Norway, o sì ń béèrè bóyá kọ́ńpáàsì tí o fi wọn ìdagẹ̀rẹ̀ àpáta ní Ìgbẹ́tì máa wúlò lọ́hùn-ún, àti ibi tó yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àpáta wọn.

Fi kọ́ńpáàsì yẹn sílẹ̀. Mo ti rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá: orí abẹ́rẹ́ dojú bolẹ̀, ó ń ha ìsàlẹ̀ gbuurugbu. Lọ́dọ̀ wa, agbára mágínẹ́ẹ̀tì ayé ń fa abẹ́rẹ́ lọ gbọọrọ. Ní Svalbard, tó wà ní ìwọ̀n 78 sí àríwá, sísàlẹ̀ ló ń fà á, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lé ní ìwọ̀n 80. Agbára tó ṣẹ́ kù láti fi tọ́ka àríwá kò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi máa ń pẹ́ kó tó dúró. Ra èyí tí wọ́n ṣe fún apá àríwá ayé. Tó o bá wà nítòsí dolerite, àpáta dúdú tó gbóná jáde láti inú ilẹ̀ wọ àárín àwọn ìpele tó kù, ṣọ́ra. Irin inú rẹ̀ lè ṣi abẹ́rẹ́ lọ́nà.

Ṣùgbọ́n kọ́ńpáàsì kọ́ ni olórí ìṣòro. Òkúta tó ti kúrò nípò rẹ̀ tó ń ṣe bí àpáta ló ń fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ rí nǹkan níbẹ̀. Omi á wọ inú pàlàpálá, á dì, á fẹ̀, á la òkúta, bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún títí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè á fi di kìkì àfọ́kù. Àfọ́kù chert, òkúta bíi ti òkúta ìbọn, láti inú ìpele tí wọ́n ń pè ní Kapp Starostin, ti ìgbà Permian (ó lé ní mílíọ̀nù 250 ọdún sẹ́yìn), le gan-an. Ó lè jókòó débi pé o máa búra pé kò ṣí nípò rí. Ibi mẹ́ta tó súnmọ́ra lèmi máa ń wọ̀n. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ wọn kò bá fẹnu kò, n kì í kọ ọ̀kankan sílẹ̀.

Àwa tí wọ́n fi gneiss, irú àpáta tó pọ̀ nílẹ̀ wa, tọ́ dàgbà, àpáta àtijọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wù wá. Wọ́n ní in, Hecla Hoek ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ jẹ́ kó dúró ná. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú ọ lọ sí Festningen, etíkun tó wà lẹ́nu Isfjorden, apá òkun tó wọ inú ilẹ̀. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ Greenland fi ara gbún Svalbard, ni àwọn ìpele etíkun yẹn bá nàró bíi pákó tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ tì ní sọ́ọ̀bù. Bí o ṣe ń rìn lọ sí ìlà-oòrùn ni ọjọ́ orí àpáta ń kéré sí i: chert Permian, amọ̀ dúdú ti ìgbà Triassic tó tẹ̀ lé e, yanrìn ti Cretaceous, ìgbà ìkẹyìn àwọn dáínásọ̀, tí wọ́n rí ojú ẹsẹ̀ dáínásọ̀ nínú rẹ̀ ní 1960, lẹ́yìn náà ìpele tó ní èédú. Láàárín Cretaceous àti èédú yẹn, ọdún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 40 ti di àwátì; ilẹ̀ ga sókè, omi sì gbá ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu. Má mú òòlù débẹ̀ o, òfin Norway ti dáàbò bò ó láti 2003.

Bó bá jẹ́ ewé tó ti di òkúta lo fẹ́ rí, iwájú yìnyín Longyearbreen lẹ́yìn ìlú ni kó o lọ.

Wọ́n máa kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn torí béárì funfun. Lọ́jọ́ tí ìṣọ́ bá kàn ọ́, kẹ́yìn sí àpáta, kí o máa wo etíkun. Àwọn tó kù á bá ọ kọ ìwọ̀n sílẹ̀.