Ìpàdé àwọn ẹlẹgbẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Òṣogbo: ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ìnáwó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá ó bọ́gbọ́n mu kí ẹ̀yin tí ẹ jọ kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wá pàdé ní Òṣogbo fún òpin ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹ ti túká, àti iye tí ó yẹ kí kálukú dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ìdáhùn mi gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí ó ń gbé ní Òṣogbo, tí ó sì ti gba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lálejò níbẹ̀ ju ìgbà kan lọ. Ó bọ́gbọ́n mu gan-an ni. Ọ̀rọ̀ owó tí ẹ fi ṣe ìkejì nínú ìbéèrè yín ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣáájú, nítorí orí owó ni irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ti máa ń fọ́ kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù.

Nígbà tí àwa kọ́kọ́ pinnu láti pàdé, àwọn tí nǹkan ti ṣẹnuure fún láàárín wa ni wọ́n jókòó tí wọ́n ṣètò. Wọ́n yan ilé ìtura tí owó rẹ̀ ga, wọ́n mú aṣọ ẹbí, wọ́n ní a ó pe olórin, wọ́n sì dá iye kan tí ó ju owó oṣù olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ní alaalẹ́ ni ẹni tí ń gba owó máa ń gbé orúkọ àwọn tí ó ti san jáde lórí WhatsApp, tí yóò sì to àwọn tí kò tíì san sí ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi dákẹ́, tí àwọn mìíràn sì kúrò nínú ẹgbẹ́ náà láìsọ nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin kan tí gbogbo wa máa ń da ìwé rẹ̀ kọ bí ìdánwò bá ti kù fẹ́ẹ́rẹ́, tí a sì máa ń jẹ gààrì rẹ̀ bí ẹni pé tiwa ni. Nígbà tí mo pè é, ó ní ara ọmọ òun ni kò yá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé orúkọ rẹ̀ tí ó ń rí nísàlẹ̀ ní alaalẹ́ ni ara rẹ̀ kò gbà mọ́. Ìpàdé náà wáyé, a jẹ, a mu, a jó. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti ń rí ara wọn ní òde ìnáwó tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n tún rí ara wọn. Àwọn tí a ń wá gan-an kò sí níbẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ wá ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ìnáwó láàárín yín kí ẹ tó kọ iye kankan sílẹ̀. Ẹ má ṣe bi í léèrè pé èló ni ó ní, nítorí ìtìjú lè mú un purọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù lọ sọ ohun tí ó lè yọ nínú owó oṣù kan láìyá owó, kí ẹ sì fi ìyẹn ṣe iye tí gbogbo yín yóò san, títí kan ẹni tí ọkọ̀ kún àgbàlá rẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní jù bẹ́ẹ̀ lọ lè fi kún un, ṣùgbọ́n àkáǹtì kan náà ni kí ó san án sí, kí ó sì jẹ́ pé àwọn méjì péré tí ń tọ́jú owó ni yóò mọ̀. Ẹ má ṣe gbé orúkọ ẹnikẹ́ni jáde, yálà ó san tàbí kò san. Àwọn kan yóò sọ pé bí a kò bá pe orúkọ, àwọn ènìyàn kò ní san. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a yí ètò wa padà, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni ó ń pe ẹni tí owó rẹ̀ bá kù, ní ohùn pẹ̀lẹ́, owó sì wọlé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Aṣọ ẹbí ni kí ẹ pa tì pátápátá. Àǹkárá tí kálukú ní nílé tó.

Owó ọkọ̀ ni ó máa ń wúwo jù, ibẹ̀ sì ni Òṣogbo ti dára fún àwọn tí ó fọ́nká. Ará Èkó àti Ìbàdàn yóò gba Gbọ̀ngán wọlé, ará Àkúrẹ́ yóò gba Iléṣà, ará Ìlọrin yóò gba Ọ̀fà àti Ìkirun, tí kò fi ní sí apá kan tí yóò ru gbogbo ìyà ọ̀nà náà. Kí àwọn tí ó ní ọkọ̀ sọ ìlú tí wọn yóò gbà kọjá, kí wọ́n sì máa gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lójú ọ̀nà. Ní ti ibùsùn, àwa tí ń gbé ìlú ni a máa ń pín àwọn àlejò mọ́ra wa, àwọn kan ní Òkè-Fìà, àwọn kan ní Àlékúwódò, ènìyàn méjì sí yàrá kan bí a ti ń sùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí ó bá fẹ́ ilé ìtura kò ṣẹ̀, owó ara rẹ̀ ni yóò kàn fi san án.

Ẹ má ṣe fi í sí oṣù Kẹjọ, àfi bí ọdún Ọ̀ṣun bá jẹ́ ohun tí ẹ dìídì fẹ́ wá wò. Láti ìgbà Ìwọ́pópó tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún náà àti títan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún títí di ọjọ́ tí Arugbá, wúńdíá tí a yàn fún un, yóò ru igbá lọ sí odò, àlejò láti ilẹ̀ yìí àti òkè òkun ni ó ń kún ìlú, owó ilé ìtura sì máa ń gbéra sókè. Owó ọkọ̀ oṣù Kejìlá kì í ṣe é gbọ́ sétí. Oṣù Kọkànlá ni ó tẹ́ wa lọ́rùn jù, ní Sátidé tí ó tẹ̀lé ọjọ́ tí owó oṣù wọlé.

Ẹ má ṣe kó ibi púpọ̀ jọ sí Sátidé náà. Ibi kan ní òwúrọ̀ tó, bí ẹ bá sì bi mí, Igbó Ọ̀ṣun ni kí ẹ lọ. UNESCO fi í sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, ó sì fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Ó yẹ kí olùkọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ tí Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí àwa ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, tí ó kú ní ọdún 2009, ṣe síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí. Abẹ́ igi tutù níbẹ̀, ènìyàn méjì méjì ni ó sì ń rìn pọ̀. Ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún àwọn tí wọn kò tíì mọ ohun tí wọn yóò bá ara wọn sọ, nítorí pé ẹni tí ń rìn kò ní láti máa wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Àmọ́ ẹ fi ìgbàgbọ́ kálukú sílẹ̀ fún un. Àwọn kan nínú wa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, sọ pé àwọn kò ní wọ igbó náà, a kò sì bá wọn jiyàn. Wọ́n lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ, ìyá tí ó wà níbẹ̀ sì fi ìyẹ́ adìyẹ lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n fi ẹ̀kọ tí a fi ẹ̀gẹ́ sè ya ọnà sára aṣọ kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń ró aṣọ náà.

Ọ̀sán àti alẹ́ ni kí ẹ fi jókòó. Ní ìpàdé tí a ṣe lẹ́yìn tí a yí ètò wa padà, iyán àti ẹ̀fọ́ rírò tí a sè fúnra wa ni a jẹ, lẹ́yìn náà ni a tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin tí mo sọ ṣáájú wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Láti òwúrọ̀ ni ó ti ń gbé báàgì rẹ̀ lé itan bí ẹni tí ó fẹ́ dìde máa lọ, tí kò sì sọ̀rọ̀ ju "ẹ ṣé" lọ. Ẹnìkan wá béèrè orúkọ ẹni tí ó máa ń tẹ̀lé òun nígbà tí olùkọ́ bá ń pe rẹ́jísítà. Ó dá a lóhùn, ó sì padà sí orúkọ àkọ́kọ́, ó ń pè wọ́n ní ẹsẹẹsẹ bí wọ́n ti wà nínú ìwé, ohùn rẹ̀ ń le sí i, ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ a dáhùn pé, "Mo wà níbí, sà." Nígbà tí ó dé orí àwọn tí ó ti kú, kò fò wọ́n. Ó pè wọ́n, ó dúró díẹ̀, ó sì bọ́ sórí ẹni tí ó kàn. Nígbà tí ó parí, ó gbé báàgì náà sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n bu iyán sí i fún òun. Bí ó bá jẹ́ iye ti àkọ́kọ́ ni a tún dá, a kì bá tí gbọ́ ọ.

Ẹ tún sọ fún ara yín ṣáájú pé oyè kò sí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, pásítọ̀, àlhájì, orúkọ tí kálukú ń jẹ́ ní kíláàsì ni kí ẹ máa pè é. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni ta ọjà, tọrọ ìbò tàbí bẹ ènìyàn pé kí ó bá òun wá iṣẹ́ fún ọmọ òun ní Sátidé náà. Mo mọ̀ pé ọ̀ràn ọmọ wúwo, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé kì í fẹ́ wá mọ́. Àwọn tí ìjà àtijọ́ wà láàárín wọn, ẹ má ṣe pè wọ́n sí àárín agbo láti là wọ́n. Ẹ fi wọ́n sínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹni tí àwọn méjèèjì bọ̀wọ̀ fún, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí kálukú tó mú ọ̀nà rẹ̀ pọ̀n, ẹ lọ kí ìdílé ẹlẹgbẹ́ yín tí ó ti kú, bí wọ́n bá wà ní Òṣogbo tàbí nítòsí, ní Ẹdẹ tàbí Ìkirun. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó, kí ẹ sì ti pè wọ́n ṣáájú, kí ẹ sọ pé kí wọ́n má ṣe oúnjẹ. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tiwa kò mọ̀ rárá pé bàbá òun gbá bọ́ọ̀lù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Owó tí ó bá ṣẹ́kù nínú àkáǹtì, kí àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ sọ iye rẹ̀ fún gbogbo yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì pa á mọ́ fún owó ọkọ̀ àwọn tí kò ní lè san tiwọn nígbà mìíràn. Bí ẹ bá ti mọ oṣù tí ẹ ń bọ̀, ẹ sọ fún mi, n ó bá yín wo àwọn ilé tí a lè fi yín wọ̀ sí.