Kí ẹ tó ra ẹ́ńjìnì kejì, ẹ wo ilẹ̀ ọgbà yín

Ẹ kú ìmúra o. Ẹ ní ẹ ti ra ọkọ̀ ojú irin kékeré tó wà nínú páálí, èyí tí ojú irin rẹ̀ ṣe róbótó. Ẹ ní ọgbà ẹ̀yìn ilé yín gùn tó mítà 10, ó sì fẹ̀ tó 5, pé ẹ fẹ́ tò ó sórí koríko fún àwọn ọmọ, ẹ wá ń béèrè ẹ́ńjìnì tó yẹ kí ẹ rà tẹ̀ lé e. Èsì tèmi ni pé kí ẹ má tíì ra ìkankan. Ilẹ̀ ni kí ẹ ná owó yẹn sí. Láti 2016 ni mo ti wà nídìí títo ojú irin kékeré sínú ọgbà lẹ́yìn ilé mi ní ẹ̀bá Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tú gbogbo ojú irin mi palẹ̀ tí mo tún un tò, kò sì sí èyí tó jẹ́ ẹ̀bi ẹ́ńjìnì nínú méjèèjì.

Títò ó sórí koríko fún ọ̀sán ọjọ́ kan kò burú rárá. Àwọn ọmọ á gbádùn rẹ̀, tí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, ẹ kó o wọlé. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ kó máa gbé níta tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn.

Nígbà àkọ́kọ́, mo bó koríko kúrò, mo da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, mo gbé ojú irin lé e. Ó dùn ún wò ní oṣù Kẹjọ. Ilẹ̀ amọ̀ ni ilẹ̀ wa, amọ̀ Lọ́ńdọ̀nù tí gbogbo bíríkìlà ibí mọ̀ dáadáa: bí òjò bá pa á, á wú, bí ooru bá mú, á sún kì, á sì la ẹnu. Kí oṣù Kejì tó parí, ojú irin mi ti ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Ekòló gbé erùpẹ̀ wá sókè, òkúta rì wọlẹ̀. Ibi tí apá kan fi mìlímítà mẹ́ta péré ga ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni kóòṣì, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì ń fà, ń ṣubú sí ní gbogbo ìgbà tó bá yípo. Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà. Ó bá mi gbé kóòṣì dìde títí ó fi sú u, nígbà tó yá kò bá mi jáde mọ́. Ìyẹn dùn mí ju owó tí mo ná lọ.

Mo tú u. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ri òpó igi mọ́lẹ̀, mo kan pákó tí wọ́n ti fi oògùn tọ́jú lé e lórí, mo sì fi sukúrúù de ojú irin mọ́ pákó pinpin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àṣìṣe méjì ló wà nínú èyí. Ìkíní, òpó igi kì í tètè jẹrà lókè, kì í sì í tètè jẹrà nísàlẹ̀ pátápátá. Ojú ibi tó ti wọ ilẹ̀ gan-an, níbi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé, ló ti ń rà. Ìkejì ni sukúrúù yẹn. Idẹ ni ojú irin náà, idẹ sì máa ń gùn sí i tó bá gbóná. Ẹ wò ó báyìí: idẹ tó gùn ní mítà 10, tí ẹ tò ní ọjọ́ tí òtútù wà ní 5°C, tí oòrùn wá sun ún dé 50°C, á fi nǹkan bíi mìlímítà 8 ààbọ̀ gùn sí i. Ní oṣù Keje 2022, tí ooru kọjá 40°C ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú irin mi kò rí ibi na ara sí, ó bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fa àwọn sukúrúù kan yọ. Ẹ fi àlàfo kékeré sílẹ̀ níbi tí irin méjì ti so pọ̀, kí ẹ sì de é mọ́ ibi díẹ̀ péré, kí ìyókù lè máa rìn.

Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, kòtò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 20 ni mo kọ́kọ́ gbẹ́. Mo kó àfọ́kù bíríkì sí i, mo gún un mọ́lẹ̀ dáadáa, mo da kọnkéré lé e, mo wá to búlọ́ọ̀kù ní ìdùbúlẹ̀ lórí rẹ̀. Ìwọ̀n bíríkìlà, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú, kò kúrò lọ́wọ́ mi, mo ń gbé e lé gígùn àti fífẹ̀ búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Odidi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ni mo fi ṣe é. Òkúta tí mo wá fọ́n sábẹ́ ojú irin ni gíráníìtì wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà fún adìẹ. Kò wọ́n, ó sì kéré tó láti jọ ti rélùwéè gidi. Kóòṣì kò ṣubú mọ́.

Èyí tó kàn ni kọ́nà. LGB, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré ní Jámánì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, ló sọ ojú irin tí àárín irin rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ ní mìlímítà 45 di ohun tí à ń bá pàdé nínú ọgbà káàkiri ayé. Kọ́nà tó kéré jù nínú tiwọn, láti àárín róbótó dé àárín ojú irin, mìlímítà 600 ni, èyí náà sì ló sábà máa ń wà nínú páálí. Ẹ́ńjìnì kúkúrú lè gbà á kọjá, ṣùgbọ́n kóòṣì gígùn á máa há níbẹ̀, ojú kò sì ní gbádùn rẹ̀. Ààyè wà lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kó tó mítà 1.2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti òkè, bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gun òkè, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ nínú mítà kan.

Nípa iná: tí iná bá ń gba ojú irin kọjá, irin náà gbọ́dọ̀ mọ́. Àwa tí a rí ìyá àgbà tó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹ̀gbà idẹ rẹ̀ mọ̀ pé idẹ kì í pẹ́ ṣú, ká má tíì sọ ti ewé jíjẹrà àti itọ́ ìgbín. Mo fọ̀ ọ́ ní gbogbo Sátidé fún ọdún mẹ́rin kí n tó gbé bátìrì sínú ẹ́ńjìnì, tí mo sì ń fi rímóòtù darí rẹ̀. Bátìrì ni mo gbà yín nímọ̀ràn. Bí ẹ bá sì lo iná ojú irin, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná ilé kù kò gbọdọ̀ kúrò nínú ilé rárá. Wáyà tí iná rẹ̀ ti rọlẹ̀ nìkan ni kó jáde sí ọgbà. Ẹ́ńjìnì onígáàsì àti omi gbígbóná, tó ń yọ èéfín gidi, ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dàgbà díẹ̀ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí, nítorí pé ọkàn mi wà níbẹ̀. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní yáàdì rélùwéè Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta. Ojú irin tí rélùwéè gbà dé Ìbàdàn ní 1901, mìlímítà 1,067 ni fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi 22.5 pín in, ìyẹn òṣùwọ̀n tí LGB fi ń sọ ọkọ̀ gidi di kékeré, ẹ ó rí 47.4. Tiwa nínú ọgbà jẹ́ 45. Ìyàtọ̀ náà kò hàn sójú, nítorí náà ẹ lè fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kóòṣì ilé wa gẹ́lẹ́, kó sì bá ojú irin mu. Méjì ti wà lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin mi ló kun ìkejì, ó sì ti ń bá mi jáde padà.

Ohun tí ẹ máa ṣe lọ́sẹ̀ yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ mú okùn gígùn, ẹ tẹ́ ẹ sí ibi tí ẹ fẹ́ kí ojú irin gbà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wo ibi tí àwọn ọmọ ti ń sáré kọjá àti ibi tí ẹ ń sá aṣọ sí. Tí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ wọ bàtà jáde, ẹ wo ibi tí omi dúró sí, kí ẹ ki igi kékeré bọ ibẹ̀. Ẹ má gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìwọ̀n okùn náà ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín ṣírò iye búlọ́ọ̀kù tó máa gbà.