Bond inú VM tí ò yí padà nígbà tí kébù já

Ẹ̀gbọ́n tó so káàdì nẹ́tíwọ̀kì méjì, eth0 àti eth1, pọ̀ di bond (tí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbà á) nínú VM (kọ̀ǹpútà inú software), tó ní òun yọ kébù àkọ́kọ́ lẹ́yìn sáfà tí bond ò sì mira, tó ń bi wá bóyá iye miimon (àkókò tí bond fi ń wo káàdì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní milisẹ́kọ́ǹdì) ni ò dáa. Miimon kọ́ o. Ohun tó ṣe mí gan-an nìyẹn ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, Abẹ́òkúta níbí, odidi ọjọ́ méjì ni mi ò sùn.

Súwíìṣì kan ló kú. Ọ́fíìsì dákẹ́, kọ́sítọ́mà tò síta, ọ̀gá ń pè mí léraléra, èmi jókòó ti VM, mò ń wo /proc/net/bonding/bond0 (fáìlì tó ń sọ ipò bond), ó ní eth0 wà ní up, pé ó wà láàyè. Mo pa VM, mo tún un tàn, up náà ni. Ni wọ́n bá ní ká pe ẹnì kan tó mọ nẹ́tíwọ̀kì dáadáa, ó gbowó tabua, ó fi àṣẹ virsh domif-setlink pa eth0 láti orí host (sáfà gidi tó gbé VM), bond sì fò sórí eth1 lójú ẹsẹ̀, ló bá ní bond ò lárùn kankan, ká lọ wo software wa, ó bá tiẹ̀ lọ. Ó ṣì ń dùn mí. Okùn inú host ni ẹni yẹn já, kì í ṣe kébù tó wọ súwíìṣì! Ojú ara bridge (súwíìṣì inú software tí host fi so VM mọ́ káàdì gidi) ni káàdì VM mọ, tẹ́ ẹ bá gé kébù ẹ̀yìn host sí wẹ́wẹ́, bridge ṣì wà níbẹ̀, VM á ní kò sí wàhálà. Carrier (àmì pé okùn ṣì wà lójú káàdì) nìkan ni miimon ń wò, carrier yẹn ò sì kú.

Orí host ni kẹ́ ẹ gbé bond lọ, káàdì gidi méjèèjì nínú ẹ̀, bridge kan lórí ẹ̀, káàdì kan péré fún VM. Miimon=100 á ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Tí host ò bá sí níkàáwọ́ yín, ẹ yọ miimon, ẹ fi arp_interval=1000 sí i pẹ̀lú arp_ip_target, kí bond máa bi àdírẹ́sì tẹ́ ẹ fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan bóyá ó ṣì ń dáhùn; miimon àti arp_interval kì í gbé pọ̀. Ẹ fún un ní àdírẹ́sì méjì, torí tó bá jẹ́ ẹyọ kan tí ìyẹn wá kú, bond á rò pé gbogbo káàdì ló kú. Ẹ fi fail_over_mac=active náà sí i, host míì kì í gbà kí káàdì VM lo MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì) tí kì í ṣe tiẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún NẸ́PÀ o. Tí iná bá dé, súwíìṣì á tan, port (ihò kébù ẹ̀) á ti ní òun wà láàyè, bẹ́ẹ̀ spanning tree (ètò tí súwíìṣì fi ń dènà ìyípo) lè máa jẹ ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ kó tó jẹ́ kí nǹkan kọjá. Tẹ́ ẹ bá ti yan primary (káàdì tẹ́ ẹ fẹ́ kí bond máa lò jù), bond á sáré padà sórí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á tún dákẹ́. primary_reselect=failure ló gbà mí, ó ní kí bond má padà àfi tí káàdì tó ń lò bá kú. Súwíìṣì méjèèjì ò sì gbọdọ̀ wà lórí ẹ̀sítẹ́ńṣàn iná kan, orí ẹyọ kan ni tèmi wà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fọwọ́ fa kébù gidi yọ, kí ẹnì kan máa ping VM (kó máa ránṣẹ́ sí i wò bóyá ó ń dáhùn) láti orí kọ̀ǹpútà míì.