Èsì: Bí ọ̀rọ̀ bá kọ̀ tí kò wá

Àbúrò, o béèrè ohun tí àwa tí à ń kọ ìtàn máa ń ṣe bí a bá jókòó tí ọ̀rọ̀ ò wá. Èmi máa ń fọ abọ́ ni. Ọjọ́ tí o bá bá ilé mi tó mọ́ tónítóní ní Adó-Èkìtì níbí, ìtàn ti há nìyẹn.

Láàárọ̀ àná, mo kọ "Òjò ń rọ̀," mo pa á rẹ́. Mo kọ "Òjò ò rọ̀," mo tún pa á rẹ́. Kọ̀ǹpútà pàápàá ò ràn mí lọ́wọ́: bí mo bá ti kọ Yorùbá, á fa ìlà pupa sídìí gbogbo ọ̀rọ̀. Tí mo bá wá fi "ulé" ti Èkìtì tiwa sí ẹnu ìyá àgbà inú ìtàn dípò "ilé," áà!

Bí gbólóhùn kan ṣe fẹ́ yọjú, ni aládùúgbò bá gbé odó síta. Gbì, gbì, gbì! Ọmọkùnrin inú ìtàn mi, tó yẹ kó máa sunkún ìyá rẹ̀, ló bá ń jó sí ìró odó. Nígbà tó yá, wọ́n gbé iyán àti ẹ̀fọ́ rírò wá fún mi. Ta ní í kọ̀wé lẹ́yìn iyán? Oorun gbé mi lọ.

Nígbà míì ṣá, mo máa ń lọ jókòó ti àwọn aláta lọ́jà. Ọ̀kan sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé, "Tí o bá tún já owó rẹ̀ wálẹ̀, wàá gbé èmi náà mọ́ ata ni." Mo ti kọ ìyẹn sílẹ̀. Ó ku ìtàn tí mo máa fi sí.