Ẹ Bi Wá: Ọṣẹ Wo Ni Kí Ẹni Tí Ojú Rẹ̀ Tètè Máa Ń Ta Fi Bọ́jú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 34 ni mí, Abẹ́òkúta ni mo sì ń gbé. Láti kékeré ni ojú mi ti máa ń tètè yún, tí ó sì máa ń ta mí bí mo bá fi ọṣẹ kàn án. Ọṣẹ apakòkòrò ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àǹtí mi ní kí n padà sí ọṣẹ dúdú nítorí pé kò ní kẹ́míkà nínú. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń bó, tí àpá dúdú sì ń hàn níbi tí ó bó. Àwọn kan tún ní kí n máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, irú ọṣẹ wo ni kí n rà? — Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, arábìnrin wa, ẹ sì kú ìfaradà. Kí a tó sọ ohunkóhun nípa ọṣẹ, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́ nínú ọsàn wẹ́wẹ́ náà lónìí. Omi rẹ̀ kan ju ohun tí awọ ojú lè gbà lọ, ó sì ní èròjà kan nínú tí ó fi jẹ́ pé bí oòrùn bá pa ibi tí ó kàn, ó lè jó ibẹ̀, kí àpá rẹ̀ sì pẹ́ kí ó tó lọ.

N kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu ọṣẹ dúdú. Ohun ìní àwọn ìyá wa ni, ó sì dára fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń sè é. Wọ́n á sun èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà di eérú, wọ́n á sẹ́ omi eérú náà, wọ́n á sì sè é pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa títí tí yóò fi di ọṣẹ. Omi eérú yìí, tí ó ń sọ epo di ọṣẹ, lágbára púpọ̀, kò sì sí ohun tí ó ní kí ó rọ awọ lọ́rùn nítorí pé ara igi ni ó ti wá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní pH, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 14: ohun tí ó bá kan wà nísàlẹ̀, omi lásán wà ní 7, irú omi eérú sì wà lókè. Awọ ojú tí ara rẹ̀ dá máa ń wà ní nǹkan bí 4.7 sí 5.5. Ọṣẹ tí a fi epo sè, ìbáà jẹ́ ọṣẹ dúdú tàbí ọṣẹ ìwẹ̀ funfun tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù, máa ń tó 9 tàbí 10, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe rò pé ìyàtọ̀ náà kéré, nítorí pé ìlọ́po mẹ́wàá ni ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n yìí. Bí ọṣẹ bẹ́ẹ̀ bá kan ojú, ó máa ń ṣí ọ̀rá tí ó so awọ pọ̀ kúrò, omi inú awọ á sì máa gbẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń gan lẹ́yìn tí a bá bọ́ ọ tán. Ọ̀pọ̀ wa ni ó gbà pé ojú tí ó gan ni ojú tí ó mọ́. Èrò yìí ti ba ojú púpọ̀ jẹ́. Lára àwa aláwọ̀ dúdú pàápàá, ibi tí awọ bá ti bó tàbí tí ó wú máa ń ṣú, àpá náà sì lè gba oṣù mélòó kan kí ó tó parẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ràn ọṣẹ dúdú, ẹ máa fi wẹ ara, ṣùgbọ́n ẹ yọ ojú sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wá ni ọṣẹ ìfọjú tí wọn kò fi omi eérú tàbí sódà tí a fi ń se ọṣẹ sè rárá. Ó rí bí ọṣẹ, ó sì ń hó, ṣùgbọ́n pH rẹ̀ súnmọ́ ti awọ. Irú rẹ̀ kì í ṣe tuntun: ọdún 1957 ni ọṣẹ Dove jáde ní Amẹ́ríkà, èròjà tí ó sì ń fọ ìdọ̀tí nínú rẹ̀ ni sodium cocoyl isethionate. Bí ẹ bá rí orúkọ yẹn níbẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn páálí ọṣẹ kan, ó dára, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ sodium lauryl sulfate, èròjà ìfọ̀dọ̀tí tí ó lè máa ta awọ, ni ẹ rí níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Bí ẹ bá rí glycerin níbẹ̀, ó dára, nítorí pé ó máa ń fa omi mọ́ awọ gbígbẹ.

Lọ́fínńdà inú ọṣẹ ni mo kórìíra jù fún ẹni bíi tiyín, torí ó wà lára ohun tí ó sábà máa ń mú kí awọ bínú. Orúkọ rẹ̀ lára páálí ni fragrance tàbí parfum. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ fragrance-free sí lára. Ẹ má jẹ́ kí unscented tàn yín jẹ, nítorí pé wọ́n lè fi òórùn kan bo òórùn mìíràn mọ́lẹ̀ nínú irú èyí. Ní ti ọṣẹ apakòkòrò, ojú yín kò nílò rẹ̀. Ní ọdún 2016, FDA, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fòfin de èròjà apakòkòrò triclosan àti èròjà 18 mìíràn nínú irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń ṣe é kò lè fi hàn pé ó sàn ju ọṣẹ lásán àti omi lọ.

Nítorí àpá dúdú yẹn, ẹnì kan lè fẹ́ ta ọṣẹ tí ń mú ojú mọ́lẹ̀ fún yín lọ́jà. Ẹ ṣọ́ra gidigidi. Mẹ́kúrì wà nínú àwọn kan, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Calomel, mercurio tàbí mercurous chloride ni wọ́n máa ń kọ sí páálí dípò mẹ́kúrì, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ kọ nǹkan kan. Ẹ má ṣe ra èyí tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC.

Bí ẹ bá ti ra ọṣẹ, inú ìgbùnwọ́ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Omi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ìka ọwọ́ ti tó láti fi bọ́jú, ẹ má lo kànrìnkàn. Kí ojú tó gbẹ tán, ẹ fi ìpara tí kò ní lọ́fínńdà pa á, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bí ojú bá wú, tàbí bí bíbó náà kò bá dáwọ́ dúró, ẹ lọ rí dókítà awọ ara.

ÌBÉÈRÈ: London ni a ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní eczema, àìsàn tí ń mú kí awọ gbẹ, kí ó sì máa yún, lójú. Wọ́n ní omi ìlú yìí ni ó fà á, ẹnì kan sì fẹ́ ta ẹ̀rọ tí ń sọ omi di rírọ̀ fún wa. Ṣé kí a rà á? — Ìyá Ọmọ, London.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ tọ́jú owó yín. Òótọ́ ni pé omi London ní kálísíọ̀mù púpọ̀, ó sì máa ń bá ọṣẹ tí a fi epo sè di ìdọ̀tí funfun tí kì í tètè ṣàn kúrò lára. Ṣùgbọ́n wọ́n dán ẹ̀rọ yìí wò fún ọ̀sẹ̀ 12 láàárín àwọn ọmọ 336 tí wọ́n ní eczema ní ilẹ̀ England. Èsì tí ó jáde ní 2011 fi hàn pé ara àwọn tí wọ́n lò ó kò yá ju ti àwọn yòókù lọ. Ọṣẹ ni kí ẹ pààrọ̀. Irú èyí tí mo ṣàlàyé lókè kì í bá omi bẹ́ẹ̀ di ìdọ̀tí. Ẹ tún lè ní kí GP yín, ìyẹn dókítà ìdílé yín, kọ ìpara tí a fi ń wẹ̀ dípò ọṣẹ fún un. Bí wọ́n bá fún yín ní ìpara tí wọ́n ń pè ní aqueous cream, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀: ní 2013, MHRA, àjọ tí ń bójú tó oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kìlọ̀ pé ó lè máa ta àwọn ọmọ tí wọ́n ní eczema, sodium lauryl sulfate inú rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó lè fà á. Ẹ má sì jẹ́ kí aṣọ tí ìpara náà bá ti gbẹ sí lára súnmọ́ iná, nítorí pé ó máa ń tètè gbaná.