Ẹ má tíì yá owó ra ẹ̀rọ èèpo ẹ̀gẹ́ o

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣé kẹ́ ẹ lọ yá owó ní bánkì fi ra ẹ̀rọ tó ń sọ èèpo ẹ̀gẹ́ di oúnjẹ ẹran, torí wọ́n ti sọ fún yín pé inú circular economy, ìyẹn sísọ pàǹtírí di ohun tó wúlò, ni owó wà báyìí, pé ọ̀fẹ́ ni èèpo. Mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́fà, ní apá Akínyẹlé lẹ́yìn Ìbàdàn, mo sì jẹ gbèsè nídìí ẹ̀ kí n tó jẹ èrè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe irọ́. Kò sórílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà, ibi yòówù tí wọ́n bá sì ti ń ṣe gààrí, fùfú tàbí láfún, òkìtì èèpo á wà lẹ́yìnkùlé, yálà wọ́n dáná sun ún tàbí kó jẹrà síbẹ̀ kí òórùn ẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Àwọn onímọ̀ ILRI, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn, tí wọ́n wà nínú ọgbà IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, n'Íbàdàn ni wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn: ẹ rin èèpo tútù, ẹ dì í sápò, ẹ fi jáàkì tẹ omi inú ẹ̀ jáde, ẹ tú u, ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wá sá a sóòrùn tàbí kẹ́ ẹ yan án nínú agbada. Èyí tó kúnná nínú ẹ̀ dáa fún adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀, èyí tí kò kúnná dáa fún ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù. Ẹ wò ó dáadáa, irú ẹ̀rọ táwọn ìyá wa fi ń rin gààrí náà ló ń ṣe é, jáàkì kan náà, agbada kan náà.

Èmi ò mọ̀yẹn nígbà yẹn. Lóònù ni mo gbà, mo ra ẹ̀rọ ńlá, mo gbé e sí ilé ara mi, mo wá ń fi mọ́tò kó èèpo láti ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá bá a. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ló ń di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan tó gbẹ, ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù tí mò ń sanwó mọ́tò lé lórí, omi ni. Nígbà tí wọ́n wá yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí pẹtiróòlù kúrò ní bíi ₦190 tó sún mọ́ ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ìṣirò mi dàrú. Èèpo ọ̀fẹ́ yẹn náà, oṣù àkọ́kọ́ nìkan ló fi jẹ́ ọ̀fẹ́ o, àwọn tó ń ṣe gààrí ń bẹ̀ mí pé kí n wá kó o, àmọ́ nígbà tí wọ́n rí i pé mọ́tò mi ń wá lójoojúmọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní báàsìn báàsìn, mi ò sì lè bá wọn jà, ẹrù wọn ni.

Ohun tó yọ mí ni pé mo gbé ẹ̀rọ lọ bá èèpo. Mo bá àwọn ìyá kan tí wọ́n jọ ń ṣe gààrí lójú kan sọ̀rọ̀, mo ní kí n máa bá wọn rin ẹ̀gẹ́ wọn lówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n máa fi èèpo sílẹ̀ fún mi. Wọ́n gbà. Láti ọjọ́ yẹn mi ò wá èèpo kiri mọ́, mò ń rin ín lọ́jọ́ tí wọ́n bó o gan-an, èyí sì ṣe pàtàkì torí èèpo tó bá sùn síta á ti máa kan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

Yanrìn ńkọ́? Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta ẹ̀rọ. Orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ sí, wọ́n á wá fi ìgbálẹ̀ gbá èèpo jọ tòun ti yẹ̀pẹ̀. Kọ́sítọ́mà mi àkọ́kọ́, ọ̀gá kan tó ń po fíìdì, dá àpò méjìlélógún padà fún mi, ó bu ọwọ́ kan sínú omi, yanrìn sì wà nísàlẹ̀ kedere. Ó dùn mí gan-an. Tapólì ni mo rà fún àwọn ìyá, wọ́n ń bó o sórí ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì tán.

Ti òjò burú jùyẹn lọ. Ọjọ́ mẹ́ta láìsí oòrùn, gbogbo ohun tí mo sá ló bu, mo kó o dànù, torí oúnjẹ tó bá ti bu lè pa adìyẹ. Nísinsìnyí mò ń yan án nígbà òjò, owó igi ìdáná sì ń jẹ nínú èrè.

Omi tí jáàkì ń tẹ̀ jáde náà, májèlé inú ẹ̀gẹ́ wà nínú ẹ̀ o. Mo jẹ́ kó ṣàn lọ sódò lẹ́ẹ̀kan, àwọn ará ilé ìsàlẹ̀ wá bá mi, wọ́n sì jàre mi. Kí la wá ń pè ní àtúnlò tá a bá kó èèpo kúrò nílẹ̀ tá a wá ba omi mímu ẹlòmíràn jẹ́? Mo gbẹ́ kòtò sí i, ó yẹ kí n ti gbẹ́ ẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjà ẹ̀ ń tẹ̀lé àgbàdo, torí àgbàdo làwọn tó ń po fíìdì fi ń rọ́pò. Tí àgbàdo bá wọ́n, fóònù mi kì í sinmi, tí àgbàdo tuntun bá dé, ó lè pé oṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó pè. Ẹ má sì sọ fún ẹni tó ń sin ewúrẹ́ pé èèpo yìí nìkan tó oúnjẹ, purotéènì inú ẹ̀ kéré, ó gbọ́dọ̀ fi sóyà tàbí PKC, ìyẹn èérí ẹkùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró inú ẹ̀, kún un.

Torí náà ẹ fi bánkì sílẹ̀ ná. Ẹ gbé ìwọ̀n lọ síbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ nítòsí yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ kọ iye kílò tó ń jáde lójúmọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ háyà ẹ̀rọ àwọn ìyá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí wọn ò lò ó, kẹ́ ẹ ṣe àpò márùn-ún péré, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń po fíìdì, kẹ́ ẹ wo iye tó máa fún yín.