Ẹ má torí rhyming words gba Yorùbá lẹ́nu ọmọ yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, pé ọmọ yín tó wà ní praimárì 3 kì í gbà ju 2 tàbí 3 lọ nínú 10 nígbà tí wọ́n bá ṣe rhyming words, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ìparí wọn dún bákan náà, àti vocabulary ní Friday, pé tíṣà ẹ̀ ní Yorùbá tẹ́ ẹ̀ ń sọ nílé ló fà á, kẹ́ ẹ dá a dúró, ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ gba lesson tíṣà ni àbí kẹ́ ẹ ra ìwé míì. Màá dé orí ìyẹn. Àmọ́ ohun tí tíṣà yẹn sọ ló dùn mí jù, torí mo ti gbọ́ ọ rí, mo sì mọ ohun tó fojú mi rí lórí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá Yorùbá dúró, ẹ má tiẹ̀ dán an wò.

Ọmọbìnrin mi ni wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé lọ́dọ̀ ìyá mi kó tó wá bá wa n'Íbàdàn, tá a fi sí ilé-ìwé aládàáni kan, mi ò ní dárúkọ wọn. Níbẹ̀, ọmọ tó bá sọ fanákúlà, ìyẹn èdè abínibí, á san fáìnì, tí ò bá sì lówó lọ́wọ́, wọ́n á fi páálí kan kọ́ ọ lọ́rùn, á máa gbé e kiri títí wọ́n á fi rí ọmọ míì tó sọ Yorùbá tí wọ́n á gbé e fún. Ọmọ mi tẹ́nu ẹ̀ kì í sinmi tẹ́lẹ̀, tó máa ń pàlọ́ fáwọn ọmọ yàrá kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í forí dáhùn. Ṣé o ti jẹun? Á mi orí. Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí? Á wolẹ̀. Lọ́jọ́ kan ìyá mi pè, mo gbé fóònù fún un, ó gbé e sétí, kò fọhùn, ìyá mi ń pariwo hàlóò, hàlóò, ó rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló burú, ọmọ ń wo ojú mi, omi ti lé sí i lójú. Yorùbá nìkan ni ìyá mi gbọ́, ẹ̀rù sì ń ba ọmọ láti sọ ọ́. Ọmọ tó gbé lẹ́yìn ìyá yẹn dàgbà! Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé.

Bébà Friday kan ṣì wà lọ́wọ́ mi di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kó kọ ọ̀rọ̀ tó bá bed rhyme, ó kọ said. Tíṣà fi báírò pupa fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí ẹ̀. Wọ́n ní kó kọ èyí tó bá head rhyme, ó kọ red. Tíṣà tún fagi lé e, ó wá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ bead sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, pé ohun tó yẹ kó kọ nìyẹn. Ẹ bá mi pe head kẹ́ ẹ tún pe bead, ṣé wọ́n jọ dún bákan náà? Ọmọ yẹn gbà á, etí ẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa, tíṣà ni kò gbà á. Mo mú bébà lọ síléèwé, tíṣà ní said ò lè bá bed lọ torí pé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn wọn ò jọra, wọ́n ti fún àwọn ní ìwé máàkì, ohun tó wà níbẹ̀ làwọn tẹ̀ lé. Ọ̀gá wọn jáde síta, kò wo bébà, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọmọ tó bá wá láti ìlú kékeré máa ń rí bẹ́ẹ̀, kí n mú un lọ yẹ etí wò, tí kò bá sì yí padà títí ìparí táàmù kó tún kíláàsì ṣe. Ọmọ tó gbọ́ pé bed àti said dún bákan náà ni wọ́n ní etí ẹ̀ ò dáa!

Mo gbé e lọ ọsibítù ṣáá, torí abiyamọ ni mí. Owó káàdì, owó àyẹ̀wò, a jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ẹni tó yẹ etí wò ní kò sí nǹkan kan tó ṣe etí ẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí, àmọ́ ó tún fi ìmọ̀ràn lé e pé èdè méjì ló ń da ọpọlọ ọmọ rú, kí n mú ẹyọ kan. Ta ló bi í? Ẹ wo gbogbo ọmọ tó wà ní Màpó tàbí ní Bodìjà, mélòó ló ń sọ èdè kan ṣoṣo? Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń jáde lẹ́nu ẹni tó kàwé, àwa òbí á sì gbà á torí pé ó wọ aṣọ funfun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà nínú ìwé fún yín, torí èmi náà lọ wádìí ẹ̀ nígbà tí inú ń bí mi. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ iléèwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀ o, àmọ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ yẹn ò gbẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ tó kù ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti praimárì 4. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú yẹn. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ ní èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ ní praimárì, inú mi dùn, nígbà tó di 2025 wọ́n ní àwọn ti fagi lé e. Àwọn tó ń ṣèpinnu yìí ò mọ ohun tójú ọmọ ń rí ní kíláàsì.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ rhyme gan-an. Etí ló ni rhyme, kì í ṣe ojú. Tẹ́ ẹ bá ti gba ìyẹn, ẹ ti gba ìdajì. Gẹ̀ẹ́sì ò kọ ohun tó ń pè, ìró tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ sì lẹ́ ẹ máa gbọ́, láti orí fáwẹ̀lì tí ohùn tẹ̀ títí dé òpin. Though bá go lọ, through bá too lọ, rough bá stuff lọ, cough bá off lọ, bough bá cow lọ, lẹ́tà mẹ́rin kan náà ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn o. Blood bá mud lọ, kò bá food lọ. Great bá late lọ, kò bá meat lọ. Comb bá home lọ, tomb bá room lọ, bomb bá Tom lọ. Ọmọ tí wọ́n kọ́ láti máa wo lẹ́tà máa kùnà gbogbo èyí, kò sì ní mọ ìdí ẹ̀.

Ibi tó ti máa ń dí wa lọ́wọ́ gan-an rèé, àwọn tíṣà kì í sọ ọ́ torí pé àwọn náà ń kó sí i. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje la ní, ti Gẹ̀ẹ́sì Bìrìtìkó tí wọ́n fi ń ṣèdánwò tó ogún, torí náà a máa ń kó méjì mẹ́ta pọ̀ sínú ẹyọ kan. Ship àti sheep, a pè é bákan náà. Full àti fool, bákan náà. Bus àti boss, bákan náà. Tíṣà ọmọ mi fúnra ẹ̀ máa ń pe luck àti lock bákan náà, ó wá ń bi ọmọ pé èwo nínú méjèèjì ló bá duck lọ. Ibò ni kí ọmọ ti mọ̀ ọ́n? Ohun kejì, a ò ní z, torí náà rice àti rise máa ń di ọ̀kan náà lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ ice ló bá rice lọ, eyes ló bá rise lọ. Ẹ ní kí ọmọ fi ìka méjì kan ọ̀fun kó pe sss, kò ní gbọ̀n, kó wá pe zzz, á gbọ̀n lábẹ́ ìka ẹ̀. Inú ọmọ tèmi dùn débi pé ó ń di ọ̀fun gbogbo èèyàn ilé mú, kó tó pẹ́ kò ṣì í mọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá ló di etí ọmọ. Ọmọ tó mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà, tó mọ igba yàtọ̀ sí igbà tí adẹ́mu fi ń gọpẹ, etí wo ló tún mú ju tiẹ̀ lọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Èmi fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí rhyme jẹ́ fún un nígbà tá a jọ ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnnì, ọjọ́ yẹn ló tó lanu sọ̀rọ̀ gidi fún mi. Mo ní kó dijú, mo pe food, mood, blood, kó pàtẹ́wọ́ tó bá gbọ́ èyí tí kì í ṣe ara wọn. Tó bá gbà á, òun náà á pe tiẹ̀ fún mi. A ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ o, ẹnu àti etí nìkan. Ìgbà tó yá la wá gé páálí ìndómì, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, mo kọ go sókè, òun wá ń wá ọ̀rọ̀ kọ sí abẹ́ ẹ̀, though, toe, know, sew. Ó rí i fúnra ẹ̀ pé lẹ́tà wọn ò jọra rárá.

Ti vocabulary yẹn ò le. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lójúmọ́, kó mọ̀ ọ́n ní Yorùbá kó tó mọ̀ ọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, kó lò ó kó tó sùn, ó tán.

Ẹ ṣọ́ra fún kàtúùnù o. Ti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù lórí YouTube, wọ́n á kọ́ ọmọ yín pé lẹ́tà Z bá bee lọ, tiwa bá bed lọ, wọ́n á pe vase kó bá face lọ, nígbà tó jẹ́ pé bars ló bá lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń bi wá léèrè. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ praimárì lásán nìyí. Tó bá dé SS3, Paper 3 Gẹ̀ẹ́sì WAEC, Test of Orals, ìbéèrè 60 ni láàárín ìṣẹ́jú 45, rhyme wà níbẹ̀, ó sì tún wà nínú Use of English ti JAMB. Ìdáhùn ni wọ́n kàn ń yàn níbẹ̀, wọ́n pè é ní orals, ẹnikẹ́ni ò sì ní kí ọmọ lanu. Ní England, láti 2012, ọmọ Year 1 á dúró síwájú tíṣà, á ka ọ̀rọ̀ 40 jáde lẹ́nu fún ìdánwò phonics wọn, ìyẹn bí lẹ́tà ṣe ń dún, èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àti èyí tí wọ́n kàn ṣẹ̀dá, tíṣà á fetí gbọ́ ọ. Kí ló dé tí tiwa ò lè rí bẹ́ẹ̀? Ó máa ń dùn mí.

Ẹ ní lesson tíṣà. Ẹ lè gbà á, àmọ́ kẹ́ ẹ tó bá a dúnàádúrà rárá, ẹ ní kó pe ship àti sheep, luck àti lock, rice àti rise sí yín létí. Tẹ́ ò bá gbọ́ ìyàtọ̀, ẹ kí i pé ó ṣeun, kó máa lọ. Ẹ má ra ìwé tó kàn to cat, bat, mat, rat kalẹ̀, díṣọ́nárì tó ní àmì ìpè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó wà lórí fóònù tó máa ń pe ọ̀rọ̀ jáde náà dáa, kẹ́ ẹ ṣáà mú ti Bìrìtìkó. Kẹ́ ẹ sì gba gbogbo bébà Friday yẹn padà lọ́wọ́ wọn láti òní lọ, ẹ yẹ máàkì ẹ̀ wò fúnra yín. Tẹ́ ẹ bá rí irú said àti bed tèmi yẹn níbẹ̀, ẹ mú díṣọ́nárì dání lọ bá tíṣà, ẹ ṣí i síwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ má sì kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá fún ọmọ ní máàkì ẹ̀.